Bí Láníhùn Ṣe Fẹ́ Kọ́ Àwọn Àdán Ní Ìkíni

Ẹ sún mọ́bí, ẹ fi ààyè sílẹ̀ lórí ẹní fún àbúrò yín. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi já wọ̀ọ̀, ó bọ́ lé Láníhùn lórí, ọkùnrin tó gbà pé ìlú òun nìkan ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ nílé.

Ní ìgbà kan rí, òjò kọ̀, kò rọ̀ ní ìlú Ìgbóyè. Odò gbẹ. Kànga gbẹ. Àwọn ọmọdé ń lá ìrì lára ewé. Ibì kan ṣoṣo tí omi ṣẹ́ kù sí ni ìdí ìrókò ńlá kan, ní ìlú àwọn àdán.

"Ìyá Àgbà, ṣé àdán náà ní ìlú ni?"

Wọ́n ní ìlú, wọ́n ní ọba. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.

Ọba Ìgbóyè ránṣẹ́ pe Láníhùn, nítorí kò sí ẹni tó mọ ènìyàn kí tó o. Bí Láníhùn bá dọ̀bálẹ̀, wàá rò pé ó fẹ́ wọlẹ̀ ni. Ọba ní, "Lọ bá wa bẹ àwọn àdán kí wọ́n fún wa lómi."

Láníhùn wọ agbádá, ó dé fìlà, ó gbé agbè, ó lọ. Ó dé ìdí ìrókò, ó gbójú sókè. Háà! Gbogbo ìlú ló so rọ̀ dirodiro! Bàbá so rọ̀, ìyá so rọ̀, ọmọ ọwọ́ so rọ̀. Obìnrin kan dorí kodò, ó ń jẹ ìbẹ́pẹ, omi rẹ̀ ń kán sí i nímú.

Àgbà Àdán, ọba wọn, na ẹsẹ̀ kan sí Láníhùn. "Ẹ káàbọ̀ o, àlejò wa."

"Ẹsẹ̀!" Láníhùn pariwo. "Èmi lẹ na ẹsẹ̀ sí?"

"Bí a ṣe ń kí àlejò pàtàkì níbí nìyẹn."

"Ìkíni kọ́ nìyẹn! Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí n kọ́ yín bí ọmọlúàbí ṣe ń kíni."

"Ìyá Àgbà, omi ńkọ́?"

Omi kẹ̀? Ó ti gbàgbé omi!

Àwọn àdán kò fẹ́ jà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Bàbá arúgbó kan nínú wọn gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀. Apá rẹ̀ lọ́ mọ́ ọn lára, ó yí gbirigbiri, ó balẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Láníhùn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ò rí i pé ẹranko lásán ni yín!"

Inú Àgbà Àdán bàjẹ́. "Àánú ẹ̀yin ará Ìgbóyè ló máa ń ṣe wá níbí. Ẹ gbé orí sókè kí oòrùn lè máa sè é, ẹ wá ń fi ẹsẹ̀ tẹ ìdọ̀tí kiri. A sì ń rò pé ìyà ló ń jẹ yín. Síbẹ̀, a ò pè yín ní ẹranko rí. Máa lọ. Kò sómi fún ọ."

Láníhùn gbé agbè òfìfo délé. "Kábíyèsí, wọn ò níwà rárá! Ẹsẹ̀ ni wọ́n nà sí mi!"

Gbogbo ìlú ṣe háà. Ṣùgbọ́n Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, pọn ọmọ tó ń sunkún òùngbẹ sẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá Ọmọ, ẹsẹ̀ tí wọ́n nà yẹn, ṣé wọ́n fi ta yín nípàá ni?"

"Rárá."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí n káàbọ̀."

"Wọ́n ní ẹ káàbọ̀, ẹ wá bínú?"

Àwẹ̀ró gbé ọmọ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó wọ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ sábẹ́ ìró, ó gbé agbè, ó gbọ̀nà. Ó dé ìdí ìrókò, ó gun ẹ̀ka tó rẹlẹ̀ jù, ó fi orúnkún kọ́ ọ, ó sì dorí kodò. Gèlè jábọ́. Ojú pọ́n bí ata. Ó na ẹsẹ̀ kan, ó wá ń kọrin. Ẹ gbè é o!

Mo fẹsẹ̀ kí yín o!
*Rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀!*
Ẹ̀yin ará òkè!
*Rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀!*
Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ mi nílé!
*Rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀!*
Ẹ dákun, ẹ bomi fún mi!
*Rọ̀dọ̀rọ̀dọ̀!*

Kò tíì kọ ọ́ tán tó fi já bọ́, gbì! Àwọn àdán bú sẹ́rìn-ín. Òun náà bú sẹ́rìn-ín.

Àgbà Àdán ní, "O ò mọ̀ ọ́n ṣe o."

"Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, Kábíyèsí. Ẹ kọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ ọba lára. Ó ní kí wọ́n pọn omi kún agbè rẹ̀. "Gbogbo ìlú yín lè máa wá pọn omi. Ṣùgbọ́n kí ọkọ rẹ kọ́kọ́ wá kí mi."

Àwẹ̀ró gbé omi délé, ó jíṣẹ́ ọba àdán fún ọkọ rẹ̀. "Èmi? Láéláé!" ni Láníhùn wí. Ó wo ọmọ rẹ̀ tó gbé ẹnu lé agbè, tó ń mu omi gbugbugbu. Ó wo agbè tó ti ń tán lọ. Ó dìde.

Gbogbo Ìgbóyè tẹ̀ lé e, tàwọn ti ìkòkò. Láníhùn gun igi, ó dorí kodò. Agbádá ya wálẹ̀, ó bò ó lórí. Ohùn rẹ̀ nìkan là ń gbọ́ nínú aṣọ: "Ẹ... ẹ kú ilé o! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Àgbà Àdán fi ẹsẹ̀ ká agbádá kúrò lójú rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ o, àlejò wa."

Láníhùn lajú. Ó wo àwọn ará ìlú rẹ̀ níwájú. Ló bá kígbe: "Yéè! Ẹ wo gbogbo yín bí ẹ ṣe so rọ̀ dirodiro!"

Ẹ̀yin ọmọ mi, nítorí náà, ẹ má fi àṣà ilé yín wọn gbogbo ayé. Ẹni tí ìṣe rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa kì í ṣe aláìníwà. Ẹ béèrè ìdí kí ẹ tó bú u.

Ibí ni mo ká ààlọ́ mi sí o. Bí mo bá parọ́, kí eyín méjì tó kù sí mi lẹ́nu kọ iṣu lọ́la.

"Ìyá Àgbà, ẹ yanu ká wò ó!"

Ẹ lọ sùn!