Ìgbín Di Alákàrà

Àlọ́ o!
— Àlọ̀ ọ̀!
Àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó já sínú agbada òróró, ó ta sí Ìgbín lára.

Lọ́dún kan, nǹkan wọ́n gógó débi pé eṣinṣin ń yá itọ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ẹ̀wà díẹ̀ ló kù nílé Ìgbín. Ó ní òun á fi dín àkàrà tà, kí ebi má baà pa àwọn ọmọ òun. Ó dín in, ó gbé e rù, ó ń kiri. Ẹ bá mi gbè é:

Àkàrà gbígbóná dé o!
— Jó mi lẹ́nu, alákàrà!
Ó ń ta sánsán o!
— Jó mi lẹ́nu, alákàrà!

Kó tó fà dé ilé Ọ̀bọ, àkàrà ti tutù. Ọ̀bọ ní, "Bàbá Ìkarahun, ṣé òkúta lo ń tà ni?"

Lọ́jọ́ kejì, ó kiri lọ sílé Ẹtu. Ẹtu bu àkàrà tútù náà jẹ, ó ń gbọ̀n bí ẹni òjò pa.

Àwọn ọmọ ló jẹ èyí tí kò tà. Ẹ̀wà wá ku ẹ̀kúnwọ́ kan péré.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Baálé mi, ẹsẹ̀ yín yìí ò lè kiri nǹkan gbígbóná. Ẹ lọ dín in létí odò tí gbogbo ẹranko ti ń pọnmi."

Lọ́jọ́ kẹta, Ìgbín dáná síbẹ̀. Òórùn àkàrà fo odò, ó gun òkè, ó jí Erin ní ìlú keje! Erin sáré dé, igbó wó. Ẹtu àti Ọ̀bọ ń ti ara wọn.

Ọ̀bọ ní, "Ìgbín, o ò kiri mọ́?"

"Àkàrà ló ń kiri. Èmi jókòó, mò ń gbowó."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá fẹ́ ṣòwò, kó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bí mo bá parọ́, kí ewùrà hù nírùngbọ̀n mi!