Ẹyin Tí Wọ́n Fi Du Àwẹ̀ró

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rìn, ó rìn, ó yà sí agboolé Móròúnkẹ́. Ó bá Àwẹ̀ró ọmọ rẹ̀ níbẹ̀. Ó bá Ewúrẹ́, ó bá Ọ̀kẹ́rẹ́, ó bá Adìyẹ.

Ní ìlú wọn, ọmọ tí yóò kọ́ iṣẹ́ ìkòkò mímọ gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kó fi kan etí òsì. Àwẹ̀ró gbé ọwọ́, kò kàn án. Ọdún yípo, kò kàn án. Ọdún kẹta dé, kò kàn án. Ìyá alámọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ní, "Bó bá tún di àmọ́dún tí kò kàn án, mi ò gbà á mọ́."

Bẹ́ẹ̀, ọmọ àbúrò Móròúnkẹ́ ní ìlú kejì ti kàn án, Àwẹ̀ró sì fi ọdún kan jù ú lọ! Orí Móròúnkẹ́ dàrú. "Ìyá kan náà ló bí wa. Kí ló wá dé?"

Ewúrẹ́ ní, "Wọ́n ti dá a kọjá níbi tó na ẹsẹ̀ sí. Ẹ ní kí wọ́n dá a padà."

Ará ilé dá a lọ, wọ́n dá a bọ̀, títí ẹnikẹ́ni ò fi mọ èyí tó jẹ́ lílọ àti èyí tó jẹ́ bíbọ̀. Èmi tí mò ń pàlọ́ yìí gan-an ò mọ̀. Àwẹ̀ró ò ga.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní, "Kó máa rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi bíi tèmi." Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ni ní gíga! Àwẹ̀ró rọ̀, ó já lulẹ̀, eékún rẹ̀ bó. Kò ga.

Lẹ́yìn náà ni ibà mú Àwẹ̀ró. Ẹ̀rù ba Móròúnkẹ́. Ó pọn ọmọ, ó gbé Adìyẹ dání, ó di ilé àbúrò rẹ̀.

Níbẹ̀, ara ọmọ kì í gbóná di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ń se omi kí wọ́n tó mu ún. Ẹyin sì wà nínú àwo ọmọ.

Móròúnkẹ́ ní, "Hàá! Ẹyin kẹ̀? Ṣé o fẹ́ kó di olè ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ní ń jẹ ẹyin adìyẹ yín?"

"Baba Àwẹ̀ró ni."

"Ṣé wọ́n ti di olè?"

Móròúnkẹ́ yíjú sí Adìyẹ.

Adìyẹ fò dìde. "Ọmọ ni mo rò pé ẹ ń fún! Láti òní lọ, bí mo bá ti yé, ẹ ó gbọ́ ohùn mi."

Bí Adìyẹ bá ti ké báyìí, Móròúnkẹ́ á gbé ẹyin fún Àwẹ̀ró. Àmọ́dún pé, ọwọ́ Àwẹ̀ró kan etí, ìyá alámọ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n kò ga tó ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ títí tó fi dàgbà. Ìyẹn dun Móròúnkẹ́ wọra.

Ìdí nìyẹn tí adìyẹ fi ń ké bó bá yé ẹyin tán. Ìyá ọmọ ló ń pè. Ìlú tó bá gbọ́, ọmọ wọn á ga. Ìlú tó bá pè é ní ariwo lásán, ẹ lọ wo bí ọmọ wọn ṣe kúrú tó lórí ìdúró.