Nọ́ńbà Tuntun Màmá Ìbíyẹmí
Ó ti pẹ́ tí ìyá Ìbíyẹmí ti lọ ṣiṣẹ́ ní Kánádà, ni ọ̀rọ̀ kan bá wọlé sórí fóònù ọmọ náà láti nọ́ńbà àjèjì: "Màmá rẹ ni, mo ti pààrọ̀ nọ́ńbà. Ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà ilé yín àti ọ̀nà tí ò ń gbà lọ síléèwé ránṣẹ́ sí mi kíá. Bí o bá sọ fún bàbá rẹ, n kò ní wálé mọ́." Ìbíyẹmí fèsì pé, "Màá yà á, mà. Ẹ kọ́kọ́ fi oríkì mi pè mí ná, ẹ ní 'Àjíkẹ́ mi' bí ẹ ṣe máa ń ṣe láàárọ̀." Kíá ni èsì dé: "Àjíkẹ́ mi, ọmọ dáadáa! Fọ́tò dà?" Ìbíyẹmí gbé fóònù lọ bá bàbá rẹ̀ ní pálọ̀. "Dádì, ẹ wò ó, kì í ṣe Màmá. Mo purọ́ oríkì fún un, ó sì gbà á. Ṣé Màmá lè gbàgbé Àwẹ̀ró?" Bàbá dínà mọ́ nọ́ńbà náà, ó sì pe ìyá Ìbíyẹmí gan-an sórí nọ́ńbà tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà gba fóònù, ó ní, "Màmi, ẹ pè mí." "Àwẹ̀ró mi," ni ohùn náà dáhùn láti òkèèrè. "Ẹ tún un pè, mà."