Awọnlẹ̀ Tí Kì Í Dágbére

Awọnlẹ̀ kan wà, ọkùnrin tó ń wọn ilẹ̀ fún ènìyàn, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́, àmọ́ tí kì í dágbére. Kí n tó fèsì sí ohun tí o sọ, Akínlàbí, pé ẹ̀gbọ́n rẹ ti ilẹ̀kùn ilé baba yín mọ́ ọ, mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀.

Bí wọ́n bá ń ṣe ìpàdé, àga rẹ̀ lófìfo ni wọn yóò kàn rí. Bí ó bá lọ kí ènìyàn, kì í sọ pé òun fẹ́ máa lọ, kí onílé lè sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Yóò dìde bí ẹni tó fẹ́ tu itọ́, kò sì ní padà mọ́. Nítorí èyí ni àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣe sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ó-ti-lọ. Ó gbọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó gbà pé ìyìn ni, pé òun kì í fi àkókò ṣòfò.

Àwọn awọnlẹ̀ iléeṣẹ́ náà kì í tọ́jú àwòrán ilẹ̀ sínú kọ̀mpútà orí tábìlì wọn. Inú kọ̀mpútà ńlá kan tó wà ní olú iléeṣẹ́, ní ìlú mìíràn, ni iṣẹ́ gbogbo wọn wà. Láti ọ́fíìsì tirẹ̀ ni kálukú ti ń gba orí ayélujára wọ inú rẹ̀. Bí ó bá ti tẹ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò ṣí yàrá tirẹ̀ fún un: àwòrán rẹ̀, irinṣẹ́ rẹ̀, ohun gbogbo bí ó ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Mo pè é ní yàrá kí ó lè yé ọ. Kò sí ògiri níbẹ̀, kò sì sí ọgbọ́n kankan lórí ẹ̀rọ náà ju èyí tí ènìyàn fi sí i lọ.

Obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan ló ń bójú tó o. Nígbà tí ó ń kọ́ wọn ní ìlò rẹ̀, ó ní, "Bí ẹ bá parí iṣẹ́, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ 'Jáde' sí. Ẹ má kàn pa fèrèsé rẹ̀ dé lójú kọ̀mpútà yín. Bí ẹ bá pa fèrèsé dé, ojú yín nìkan ló kúrò níbẹ̀. Lójú ẹ̀rọ, ẹ ṣì jókòó."

Awọnlẹ̀ náà ní, "Ẹnjiníà, ṣé ìyá mi ni ẹ̀rọ ni, tí n ó fi máa dágbére fún un?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

Ó pẹ́ tí ọkùnrin náà fi ń pa fèrèsé dé, tí ìyà kankan kò jẹ ẹ́, nítorí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà nígbà náà. Bí ó bá padà dé, ìjókòó tí ó fi sílẹ̀ gan-an ni yóò tún bá. Irú èyí ni àwọn ènìyàn ń pè ní ẹ̀rí pé ìwà àwọn kò burú. Kì í ṣe ẹ̀rí. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ sí i, iléeṣẹ́ fi ẹ̀rọ kejì kún ti àkọ́kọ́. Àwọn méjèèjì jọ ń lo ibi ìpamọ́ kan, èyíkéyìí nínú wọn ló sì lè gba ẹni tó bá wọlé, ṣùgbọ́n ẹrù ẹnì kan kò lè wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní àsìkò yìí ni ìdílé méjì ní abúlé kan, tí wọ́n ti ń jà lórí ààlà oko láti ayé àwọn baba wọn, gbà níkẹyìn pé kí awọnlẹ̀ ya ààlà náà, kí wọ́n sì ri òpó mọ́ ọn. Ní ọdún tó kọjá, àdá ti jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àgbàlagbà kan nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan ló bẹ àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbà, wọ́n sì dá ọjọ́. Ọ̀gá Ó-ti-lọ wọn ilẹ̀ náà, ó yà á, iṣẹ́ tó dára ni. Nígbà tí ọjọ́ àdéhùn ku ọ̀la, ó ṣe àtúnṣe ìkẹyìn ní ìrọ̀lẹ́, ó pa fèrèsé dé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó wọlé láti tẹ àwòrán náà jáde. Ẹ̀rọ gba orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá tó ṣí fún un kì í ṣe tirẹ̀. Kò sí àwòrán kan níbẹ̀. Ìkìlọ̀ kan hàn sí i pé ẹ̀rọ kò lè ṣí yàrá tirẹ̀, pé ti ìgbà díẹ̀ ni èyí, pé ohunkóhun tí ó bá ṣe níbẹ̀ yóò parẹ́ bí ó bá jáde.

Kò kà á tán. Ó pe obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ lórí fóònù.

"Ta ló kó ẹrù mi? Ẹ ti pa iṣẹ́ mi rẹ́! Àbí ẹ ti fi yàrá mi fún ẹlòmíràn?"

"Ẹ farabalẹ̀, ọ̀gá. Kí ni ìkìlọ̀ náà sọ?"

"Mi ò ráàyè ìwé kíkà. Ẹ pa yàrá àtijọ́ yẹn rẹ́, kí ẹ ṣí tuntun fún mi. N ó tún un yà."

Kíyè sí i: ohun tí ó ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ì bá ba tirẹ̀ jẹ́. Inú ti àtijọ́ yẹn ni àwòrán ààlà wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí ariwo náà tètè parí ì bá ṣe é fún un. Obìnrin náà kò ṣe é.

"Mi ò ní pa ohun tí mi ò tíì mọ àrùn tó ń ṣe é rẹ́," ló wí. "Ẹ má ṣiṣẹ́ kankan níbi tí ẹ wà yẹn o."

Ó wò ó lẹ́sẹẹsẹ. Orúkọ ọkùnrin náà pé. Ibi ìpamọ́ kò kún. Ẹrù rẹ̀ wà níbẹ̀ lódindi, ṣùgbọ́n ẹnì kan dì í mú. Awọnlẹ̀ ní tirẹ̀ kò gbọ́ràn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ààlà náà yà nínú yàrá ìgbà díẹ̀, láti inú orí rẹ̀, àwọn ará abúlé sì ń pè é léraléra. Oòrùn ti ga kí obìnrin náà tó pè é padà.

"Ọ̀gá, mo ti rí ẹni tó wà nínú yàrá yín."

"Ta ni? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi!"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀?"

"Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni ẹ ti jókòó sórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ìkejì ni wọ́n darí yín sí lónìí. Ẹ̀yin tàná ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀yin tòní. Ọ̀gá Ó-ti-lọ, ẹ ò tíì lọ o."

Ó mú un jáde lórí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bó ti yẹ, ó sì ní kí ó jáde lórí ìkejì náà. Bí ó ti jáde, gbogbo ohun tí ó tún yà parẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀ ti wí. Nígbà tí ó tún wọlé, ó bá àwòrán rẹ̀ bí ó ṣe fi í sílẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sáré lọ sí abúlé náà.

N kò ní sọ fún ọ pé ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀. Kò ta. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà méjì náà kò gbádùn, wọ́n sì ti gbé e padà sílé kúrò nínú oòrùn. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní àwọn kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ri òpó lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ti apá kejì ń kùn. Awọnlẹ̀ fẹ́ yí padà lọ bí ìṣe rẹ̀, ó sì dúró. Ó lọ sí ilé bàbá náà, ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ pé ẹ̀bi òun ni, ó ṣàlàyé títí bàbá fi rán àkọ́bí rẹ̀ sóko pé kí wọ́n ri òpó. Nígbà tí ó dìde, ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ máa lọ."

Bàbá ní, "Ó dàbọ̀. Mo rí i pé o wá, mo sì rí i pé o lọ."

Akínlàbí, ní àárín ọ̀rọ̀ ni ìwọ náà kúrò nílé baba yín. Ẹ̀gbọ́n rẹ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, o dìde, o sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nítorí pé o kò gbọ́ ọ mọ́. Ìwọ ọjọ́ yẹn tó jókòó sórí àga nínú ìbínú ni ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì ń wò títí di òní. O wá ń bẹ̀ mí pé kí n sọ fún ẹbí kí wọ́n gbàgbé gbogbo ohun àtijọ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní tuntun. N kò ní bá ọ sọ ọ́. Inú ohun tí o fẹ́ pa rẹ́ yẹn ni ẹrù rẹ wà. Ilé ọ̀rẹ́ tí o ń gbé báyìí, yàrá ìgbà díẹ̀ ni. Má tún ayé rẹ yà síbẹ̀.

Má béèrè ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ. Lọ parí ọ̀rọ̀ tí o fi sílẹ̀ lórí àga. Bí o bá parí rẹ̀ tí o ṣì fẹ́ lọ, kò sí ẹni tí yóò dá ọ dúró. Ṣùgbọ́n dágbére.