Rédíò Tí Àlàdé Rà Fún Ẹ́ńjìnnì

Kò sẹ́ni tí kì í gbọ́ nígbà tí Àlàdé bá ṣíná sí mọ́tò rẹ̀ láàárọ̀. Ẹ́ńjìnnì náà a máa dún bí ẹni ń mi òkúta nínú agolo. Làwọn aládùúgbò bá sọ ọ́ ní Bàbá Alágolo.

Àrínpé, ìyàwó rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù, mọ́tò yìí ni yóò sì gbé e dé ilé ìwòsàn.

Mẹkáníìkì tí Àlàdé gbé mọ́tò náà lọ bá tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Ọ̀gá, ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì ló ti dẹ̀. Bó bá já, ẹ́ńjìnnì kú nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ rẹ̀."

"Ta ló máa rí ṣéènì?" ni Àlàdé wí. "Ariwo yìí ló ń dójú tì mí."

Ló bá lọ ra rédíò ńlá sínú mọ́tò, kó lè bo ariwo mọ́lẹ̀.

Àrínpé ní, "Bàbá Ṣèyí, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá o."

"Ìwọ ṣáà jókòó, kí o máa jó."

Nígbà tí ìrọbí mú un, wọ́n gbéra, orin ń dún, Àlàdé ń mi orí. Ṣéènì já, kò gbọ́. Ìgbà tí mọ́tò dúró sójú ọ̀nà ló tó mọ̀. Ẹ́ńjìnnì ti kú pátápátá, rédíò ṣì ń kọrin lọ.

Ọkọ̀ kan tó kó ẹ̀gẹ́ ló ṣàánú Àrínpé. Bí wọ́n ṣe gbé e sókè, Àlàdé fẹ́ tẹ̀ lé e.

"Rárá o, Bàbá Ṣèyí," ó di ìbàdí mú, "ẹ dúró ti rédíò yín. Bóyá yóò wọ́ mọ́tò délé."