Iná Ààrò Tí Wọn Kò Pa

Ọkùnrin kan wà tí ó ní ilé búrẹ́dì. Kì í ṣe ènìyàn búburú o. Ẹ̀rù ló máa ń tètè bà á, ẹ̀rù sì lè mú ẹni rere hùwà bí ìkà.

Nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni obìnrin kan wà tí ń po ìyẹ̀fun, Ìyá Wúrà ni wọ́n ń pè é. Ó ní àbúrò ọkùnrin kan tí ó tọ́ dàgbà fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Lọ́jọ́ kan, àbúrò yìí gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Àwọn ẹbí sáré sin ín, wọn kò jókòó ọ̀fọ̀, wọn kò gba àlejò. Kò pẹ́ tí obìnrin náà fi padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí ilé ti há mọ́ ọn.

Ìwọ náà mọ̀ pé Yorùbá ní kíkí fún ohun gbogbo. À ń kí ẹni tó jókòó, à ń kí ẹni tó dúró, à ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gérun. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú ikú yìí dé, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Ọ̀gá pè wọ́n jọ, ó kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ olóògbé náà létí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbé obìnrin náà kúrò nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun, ó fi í sí yàrá ẹ̀yìn pé kó máa di búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Lójú tirẹ̀, àánú ló ṣe.

Bí obìnrin náà bá wọlé, ẹ̀rín á dáwọ́ dúró. Bí ó bá jókòó láti jẹun, Sítù tí wọ́n jọ ń po ìyẹ̀fun tẹ́lẹ̀ á rántí pé òun ní iṣẹ́ kan níta. Ohun tó bá ń dun ni ní ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ tirẹ̀ fún? Ọ̀gá ń wò ó bó ṣe ń rù. Ó ní òun á bá a sọ̀rọ̀ lọ́la. Ọ̀la dé, ó tún ní ó di ọ̀la.

Nígbà tó yá, obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pín nǹkan rẹ̀. Ó fún ẹnì kan ní àwo oúnjẹ rẹ̀, ó fún ẹlòmíràn ní àpótí ìjókòó rẹ̀, ó ní òun ò nílò wọn mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, ó ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé e fún ọ̀gá pé òun ń lọ. Ọ̀gá fẹ́ rọra gbà á, kó ṣàdúrà fún un, kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Àdúrà náà ti dé ètè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwo àti àpótí yẹn kò jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ó bi í léèrè ohun tí wọ́n ṣe fún un.

Ó ní, "Ọ̀gá, nígbà tí bàbá Sítù kú, ẹ pa iná ààrò, gbogbo wa la lọ jókòó tì í. Bákan náà lẹ ṣe fún gbogbo ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ níbí. Gbádégẹṣin àbúrò mi kú, iná ń jó. Mo mọ̀ pé èmi lẹ rò pé mo fà á."

Ọ̀rọ̀ náà gún ọ̀gá lọ́kàn, nítorí òótọ́ ni pé òun kò pa iná. Ó ní òun kò rò bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀rù ló ba òun, òun kò mọ ohun tí ènìyàn ń sọ. Lẹ́yìn náà ó bi í ní ìbéèrè tó ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá.

"Ìyá Wúrà, ṣé ìwọ náà ń ronú àtikú?"

Ó ní, "Ó ń wá sí mi lọ́kàn, Ọ̀gá." Ó wá bú sẹ́kún.

Ọ̀gá kò bá a wí, kò sì wàásù fún un. Ó ní kí wọ́n pa iná. Búrẹ́dì wà nínú ààrò, èyí tí wọ́n ti pò ti ń wú lórí tábìlì. Gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́. Wọ́n jókòó yí i ká. Sítù, tó ti ń sá fún un, ló bi í pé irú ènìyàn wo ni Gbádégẹṣin. Ó sọ fún wọn bó ṣe máa ń sọ gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò lórúkọ, tó sì máa ń bá wọn jà bí ẹni ń bá ìyàwó jà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún. Ọ̀gá àti Sítù mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú irú ìrònú bẹ́ẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kó dá sùn. Nígbà tó padà, wọ́n bi í léèrè iṣẹ́ tó wù ú. Ó ní ìyẹ̀fun lòun fẹ́ máa pò. Títí di òní, ó ń sunkún nídìí tábìlì nígbà mìíràn. Kò sẹ́ni tó ń sá.

Ìwọ wá bi mí pé ìsinmi ọjọ́ mélòó ni kí o fún awakọ̀ rẹ tí ìyàwó rẹ̀ kú irú ikú yìí. Ìsinmi dára, kí o fún un. Àmọ́ láti ilé rẹ títí dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀yìn mọ́tò lo jókòó sí, tí ò ń tẹ fóònù. Bí o bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, yóò dárí jì ọ́. Bí o bá dákẹ́, fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ohun tí o ń rò fún ara rẹ̀, kò sì ní sọ ọ́ dáadáa. Ó wà níta yẹn, ó ń nu gíláàsì mọ́tò tí kò dọ̀tí. Bí ẹ bá ń padà lọ, iwájú ni kí o jókòó sí, kí o sì bi í léèrè orúkọ ìyàwó rẹ̀.