Igbe Lórí Ràkúnmí Ẹlòmíràn

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Sòmálíà, ní apá ibi tí òjò ti ṣọ̀wọ́n, tí koríko sì jìnnà sí omi. Diriye ni orúkọ rẹ̀. Ràkúnmí ló ń sìn bí bàbá rẹ̀ ti ṣe, ṣùgbọ́n ohùn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bí Diriye bá ké láti orí òkè, ẹni tó wà nídìí kànga yóò gbé korobá sílẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa. Àwọn obìnrin ìdílé rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti wọlé, kò sí ọ̀rọ̀ àṣírí kan nínú ilé wọn tí gbogbo àdúgbò kò mọ̀.

Ohùn kì í ṣe ohun eré níbẹ̀. Ilẹ̀ náà tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ, ọlọ́pàá kò sí, àwọn ọmọ ogun ìjọba sì jìnnà. Bí olè bá kó ẹran ènìyàn, igbe nìkan ló ní. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ní igbe tirẹ̀: wọn a pe orúkọ baba ńlá wọn, wọn a sì fi ariwo gígùn kan tì í lẹ́yìn. Ọmọ ìdílé tó bá gbọ́ ọ kò gbọdọ̀ jókòó. Bó bá ń jẹun, yóò fi oúnjẹ sílẹ̀. Bó bá ń kírun, yóò sáré kí i tán, yóò gbé ìbọn tàbí àáké, yóò sì máa lọ. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìdílé náà, kò kàn án. Bó tilẹ̀ wà nítòsí, tíì rẹ̀ ni yóò máa mu lọ.

Òfin igbe yìí le. Ẹni tó bá fi igbe ìdílé pe àwọn ènìyàn rẹ̀ sórí ohun tí kì í ṣe ti ìdílé, òpùrọ́ ni. Wọn kò ní nà án, wọn kò ní gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá tún ké, ẹnikẹ́ni kò ní dá a lóhùn mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ẹni tí wọn kì í dá lóhùn ní ilẹ̀ yẹn, kó tètè ta ràkúnmí rẹ̀ kí olè tó gbọ́.

Ìdílé méjì ló ń mu omi kànga kan náà. Ìdílé Diriye a máa fi irin gbígbóná ya òrùka sí ọrùn ẹran wọn, Olóòrùka ni wọ́n ń pè wọ́n. Ìdílé kejì a máa fi ìlà méjì sí itan tiwọn, Onílàméjì sì ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò kọ́kọ́ fa omi ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn, ìjà náà sì ti gba ẹ̀mí àbúrò Diriye. Ọmọ aṣáájú Onílàméjì, bàbá arúgbó olójú kan, ló yìnbọn náà. Wọn kò tíì jókòó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ yẹn. Diriye kì í kí bàbá náà. Bó bá rí i lókèèrè lójú ọ̀nà, inú igbó ẹ̀gún ni yóò yà sí.

Bí nǹkan ti rí nìyí tí àwọn agbébọn fi wọ agbègbè náà. Wọ́n ní ẹ̀sìn làwọn ń jà fún, sàká làwọn sì wá gbà. Sàká wọn kò jọ èyí tí àwọn ènìyàn náà ti ń yọ láti kékeré. Ràkúnmí tó sanra jù ni wọ́n ń fẹ́, abo tó ń fún wàrà jù, nígbà mìíràn wọn a tún mú ọmọkùnrin ilé mọ́ ọn. Ẹni tó bá jiyàn, wọn a tiná bọ ilé rẹ̀. Wọn kò pọ̀ rárá. Ohun tí wọ́n fi lágbára ni pé wọ́n mọ òfin igbe ju àwọn tó ni ín lọ. Bí wọ́n bá kó ẹran Olóòrùka, ilẹ̀ Onílàméjì ni wọn yóò dà á gbà. Bí wọ́n bá kó ti Onílàméjì, ilẹ̀ Olóòrùka ni wọn yóò gbà kọjá, lójú ọ̀sán, láìsáré. Ta ni yóò dá wọn dúró?

Ìjọba ìpínlẹ̀ rán aṣojú kan wá. Jíìpù eléruku ló gbé e dé, ó sì pe ìdílé méjèèjì jọ sábẹ́ igi ńlá kan nídìí kànga. Ó ní ìjọba ti ṣe tán láti lé àwọn agbébọn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun òun kò mọ ilẹ̀. Kí wọ́n yan àwọn ọkùnrin tí yóò máa ṣọ́ agbègbè náà, ìjọba yóò fún wọn ní ọta. Gbogbo ènìyàn ló gbà pé ọ̀rọ̀ náà dára. Ìgbà tí wọ́n dé orí ẹni tí yóò ṣe olórí ẹ̀ṣọ́ ni nǹkan yíwọ́. Olóòrùka ní àwọn làwọn gbẹ́ kànga. Onílàméjì ní àwọn làwọn pọ̀ jù, àti pé nígbà tí wọ́n ń pín àga ìgbìmọ̀ ní olú-ìlú ìpínlẹ̀, Olóòrùka ni wọ́n fún; kí wọ́n fi èyí sílẹ̀ fún àwọn. Wọ́n dárúkọ bàbá olójú kan.

Ni Diriye bá dìde. "Ojú kan péré ló kù fún un," ló wí, "òun lẹ tún ní kó wá máa ṣọ́ wa? Kó kọ́kọ́ lọ wá ìkejì rẹ̀."

Àwọn ará ilé rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàbá náà gbé ọ̀pá rẹ̀, ó lọ, gbogbo Onílàméjì sì dìde tẹ̀lé e. Aṣojú ìjọba sọ fún àwọn tó kù pé òun kò mọ ohun tí òun yóò wí fún àwọn tó rán òun, àfi kí òun sọ pé kànga náà ní omi.

Kò pẹ́ sí i, Diriye gun òkè kan láti wá ràkúnmí rẹ̀ tó ṣáko. Oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ó rí eruku, ó rí agbo ràkúnmí lábẹ́ eruku náà, ó sì rí àwọn ọkùnrin tó gbé ìbọn kọ́ èjìká, tí wọ́n ń dà wọ́n lọ sí ìhà odò tó ti gbẹ. Lẹ́yìn odò yẹn, igbó ni. Ohun tó bá wọ ibẹ̀ ti wọ ibẹ̀ nìyẹn.

Ó wo itan àwọn ẹran náà. Ìlà méjì. Ó mọ abo funfun tó ṣíwájú pẹ̀lú: ti bàbá olójú kan ni.

Kí a má purọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ní Ọlọ́run ti dá ẹjọ́ tí ènìyàn kọ̀ láti dá. Ó wá rí i pé wàrà ń jò lára wọn. Abo ọlọ́mọ ni wọ́n, wọ́n sì ti fi àwọn ọmọ wọn sílẹ̀ sílé. Àkókò ìfúnwàrà ti kọjá, ọmú ti kún, wàrà ń kán sínú iyanrìn bí wọ́n ti ń rìn. Ẹni tó ń sin ràkúnmí mọ ohun tí èyí jẹ́. Àwọn ọmọ ẹran yẹn yóò kú, ebi yóò sì wọ ilé àwọn tó ń mu wàrà náà kí òjò tó dé. Diriye gbé ojú kúrò. Ó ní kì í ṣe tàwa.

Olórí àwọn agbébọn gbójú sókè, ó sì rí i. Diriye yára dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn òkúta, ó ń retí ọta. Ọta kò dún. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó sì kí i bí ẹni tó bá aládùúgbò rẹ̀ pàdé lọ́nà ọjà.

"Àlàáfíà fún ọ o, ọmọ Olóòrùka. Fọkàn balẹ̀, kò sí tiyín níbẹ̀."

Ó yíjú padà, ó ń lọ. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn wò.

Ìkíni yẹn wọ Diriye lára ju ọta lọ. Wọ́n ti lé e rí, wọ́n ti jí ẹran rẹ̀ rí, ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí olè máa kí i bí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́! Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. Bó bá ní kí òun sáré lọ sọ fún Onílàméjì, agbo náà yóò ti wọ igbó kó tó débẹ̀, wọn yóò sì yìnbọn fún un kó tó lanu. Igbe kan ṣoṣo ló mọ̀, ó sì mọ ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde dúró lórí òkúta náà, ó fa èémí sínú, ó sì pe orúkọ baba ńlá Olóòrùka.

Òkè gbà á, àfonífojì gbà á. Lábẹ́ rẹ̀, àwọn agbébọn dúró bí ẹni tí igi wó dí lójú ọ̀nà. Ní àgọ́ Olóòrùka, abọ́ ń ṣubú, ajá ń gbó, àwọn ọkùnrin ń ká aṣọ tí wọ́n ró mọ́dìí sókè bí wọ́n ti ń sáré. Àwọn obìnrin gbé àáké tẹ̀lé wọn. Diriye ti ń sọ̀kalẹ̀, ó ń ké, ó ń fi ọwọ́ júwe odò, ẹ̀gún ń ya aṣọ mọ́ ọn lára. Wọ́n gba ẹ̀yìn òkè, wọ́n sì dé etí odò ṣáájú agbo náà.

Ibẹ̀ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ti rí itan ràkúnmí àkọ́kọ́. Ó dúró. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà dúró.

"Diriye, òrùka dà? Àbí ojú tìrẹ náà ti lọ bá ti bàbá yẹn ni?"

"Ẹ gbà á ná," ni Diriye wí. "Bó bá yá, ẹ ó bú mi."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí àwọn agbébọn bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn, ọta kò sì béèrè ẹni tó ni ẹran. Olóòrùka náà dá a padà. Àwọn ràkúnmí tú ká, wọ́n ń ké, wọ́n ń ta yẹ̀pẹ̀ sókè. Bí ìjà ti gbóná ni ariwo mìíràn sọ lẹ́yìn àwọn agbébọn. Onílàméjì ni. Wọ́n gbọ́ igbe Olóòrùka, wọ́n rò pé ogun ni wọ́n ń gbé bọ̀ wá bá àwọn, ni wọ́n bá kó gbogbo ìbọn wọn jáde wá pàdé wọn. Nígbà tí wọ́n dé etí odò tí wọ́n rí ẹran ara wọn àti àwọn tó kó o, wọn kò dúró gba àlàyé. Àwọn agbébọn wo iwájú, wọ́n wo ẹ̀yìn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní agbègbè yẹn, wọ́n sáré. Wọ́n ju bàtà sílẹ̀, wọ́n ju àpò ọta sílẹ̀, wọ́n fi òkú olórí wọn sílẹ̀ nínú iyanrìn.

Eruku rọlẹ̀, ìdílé méjèèjì sì kọjú sí ara wọn pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Ìka gbogbo wà lórí ohun tí wọ́n fi ń yin ín. Diriye ló kọ́kọ́ mira. Ó mú igi kékeré kan, ó na abo funfun náà nídìí díẹ̀, ó sì darí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ bàbá olójú kan. Bàbá náà pè é lórúkọ, ó lọ bá a. Kò sí ẹni tó yìnbọn.

Òfin ni òfin ṣá. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn àgbà Olóòrùka jókòó lábẹ́ igi, wọ́n sì pe Diriye. Wọ́n bi í bóyá ó mọ̀ pé ràkúnmí náà kì í ṣe ti ìdílé kó tó ké. Ó ní òun mọ̀.

"Ẹ̀yin bàbá mi," ló wí, "mo kọ́kọ́ wo itan ẹran náà, mo sì dákẹ́. Ìgbà tí mo wo àwọn tó ń dà á lọ ni mo ké. Àwọn yẹn, tiwa ni wọ́n, wọ́n ti jẹ ẹran wa rí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn ọ̀dọ́ nínú, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò lè fi ìyẹn pa òfin baba ńlá wọn rẹ́. Olórí wọn, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá Diriye gan-an, fi omijé sọ ọ́: láti ọjọ́ náà lọ, bí Diriye bá ké, kí ọmọ Olóòrùka kankan má ṣe dá a lóhùn. Diriye tẹrí ba. Ó ń ronú ẹni tí yóò ta agbo rẹ̀ fún.

Ìgbà náà ni wọ́n rí bàbá olójú kan tó ń bọ̀, òun nìkan, kò gbé ìbọn. Ó jókòó sílẹ̀ láàrin wọn láìgba àyè.

"Ẹ̀yin Olóòrùka, òfin yín ni, n kò ní bá yín jiyàn. Ṣùgbọ́n bí Diriye bá ké, àwa Onílàméjì ń gbọ́ o. Bí ẹ̀yin kò bá ní sáré wá, àwa ó máa sáré wá." Ó yíjú sí Diriye. "Ẹ̀jẹ̀ àbúrò rẹ wà lọ́rùn ilé mi. Jẹ́ kí a jókòó parí rẹ̀ lónìí."

Láti apá àwọn obìnrin, ìyàwó Diriye sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé kí àwọn àgbà jọ̀wọ́ yá òun ní ràkúnmí tí yóò ru ilé òun lọ sí ọ̀dọ̀ Onílàméjì, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọkọ òun. Ẹ̀rín bú jáde, ìtìjú sì wà nínú ẹ̀rín náà. Ta ni yóò jẹ́ kí ọ̀tá máa dá ọmọ òun lóhùn? Kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́, àwọn àgbà ìdílé méjèèjì ti parí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n sì ti fohùn ṣọ̀kan pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kan àwọn agbébọn, orúkọ kànga ni wọn yóò máa ké, ẹni tó bá sì ń mu nínú omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó, ìbáà ṣe Diriye ló ké.

Aṣojú ìjọba padà wá. Wọn kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò jẹ́ olórí ẹ̀ṣọ́, àríyànjiyàn yẹn ṣì ń lọ; ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ṣọ́ ń jáde, wọ́n sì ń mú àwọn ọmọ ogun mọ ọ̀nà. Àwọn agbébọn kò rí ilẹ̀ kan tí wọ́n lè rìn gbà kọjá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ mọ́.

Ìwọ tó gbọ́ ìtàn yìí, o ní Sòmálíà jìnnà. Ṣùgbọ́n ìlú rẹ àti ìlú kejì ń fa ààlà ilẹ̀, wọ́n sì sọ fún ọ lánàá pé àwọn ajínigbé gba ẹ̀yìn oko rẹ kọjá, pé ará ìlú kejì ni wọ́n kó lọ. O béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n mú. Nígbà tí o gbọ́ pé kì í ṣe ènìyàn yín, o mí kanlẹ̀, o padà sídìí ẹ̀bà rẹ. Àwọn tó ń gbé ènìyàn kọjá lẹ́yìn oko rẹ ti mọ̀ pé o kò ní sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba ibẹ̀. Ìdákẹ́ rẹ ni ọ̀nà wọn. Dìde, kí o ké. Bí ẹjọ́ bá wà níbẹ̀, a ó rò ó lẹ́yìn tí ẹni náà bá ti délé.